Àbàtà Takété: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò láti Lọ́kọ́jà dé Ẹ̀gbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá. Lọ́kọ́jà

Etí Odò Ọya ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi àwọn àbàtà tí mo fẹ́ lọ wò ní ìwọ̀-oòrùn Kogí ń já sí. Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tó bá dúró sí Lọ́kọ́jà ní ìparí òjò á rí i pé wọ́n tan dáadáa.

Omi ti ń fà, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ ṣì wà lára ògiri àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Bàbá kan tó ń tún àpò iyanrìn tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fi ọwọ́ hàn mí: "Ibi tí ti 2012 dé rèé. Ti 2022 rèé." Ti 2022 yẹn ló bo títì Lọ́kọ́jà sí Àbújá mọ́lẹ̀ lágbègbè Kótónkáfẹ̀, tí ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ oúnjẹ fi tò sójú ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀. Bàbá ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, irà ni gbogbo ibi tí àwọn ilé kan wà yìí. Bí odò bá kún, ibẹ̀ ló máa ń ya sí, á sì sùn síbẹ̀ títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi dé. Ní báyìí, yàrá àwọn èèyàn ló ń sùn sí.

Lọ́kọ́jà yìí náà ni ibi tí àbàtà ti gba orúkọ burúkú. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gòkè Odò Ọya, Sàmúẹ́lì Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó bá wọn wá. Òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150. Ibà gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dè, àwọn tó kú lé ní 40. Afẹ́fẹ́ àbàtà ni wọ́n dì í rù. Nígbà tí Dókítà Baikie kó ọkọ̀ Pleiad wá ní 1854, tí Crowther tún bá a wá, kuiníìnì ni wọ́n ń lò kí ibà tó dé rárá, òyìnbó kankan ò sì kú. Àfi ní 1897 ni Ronald Ross tó rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Àbàtà ti jẹ̀bi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mú ẹ̀fọn, mo sì gbà pé ẹ̀bi yẹn ò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ́kàn àwọn tó ń fi ilẹ̀ pupa dí i kiri.

Ẹ mú àpò ẹ̀fọn yín dání. Kì í ṣe gbogbo ibi tí ẹ máa sùn ni nẹ́ẹ̀tì fèrèsé rẹ̀ pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá. Lọ́kọ́jà sí Kàbbà

₦4,500 ni mo san nínú ọkọ̀ tó ń kó èèyàn márùn-ún. Kí a tó dé Obájànà, kòtò ọ̀nà ò jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà sinmi, tírélà sìmẹ́ǹtì sì ń bọ̀ níwájú, òmíràn ń tì wá lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láti Obájànà dé Kàbbà, ọ̀nà kọnkéré ni, ó tẹ́jú. Àárín òkè la gbà lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ń kọjá: ibi tí igi tútù bá ti ṣù pọ̀ tó ga ju ti àyíká lọ, tí imọ̀ gígùn sì yọ láàárín rẹ̀, àbàtà ló wà níbẹ̀.

Ní Kàbbà, iyán ni. Ìyá olóúnjẹ kan lẹ́yìn ọjà gún un lójú mi, ó sì fi ẹja àrọ̀ méjì lé e, ₦2,500. Mo bi í níbi tí ẹja náà ti wá. "Àbàtà ni o, kì í ṣe ti inú tánkì. Ti inú tánkì ò dùn báyìí." Àrọ̀ lè fi ẹnu gba afẹ́fẹ́ lókè omi, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà láàyè nínú ẹrẹ̀ tí ẹja mìíràn á ti kú sí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo wá ṣe, ìyá náà pa ìgbákọ̀ tó fi ń ro ọbẹ̀ tì, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù ní ilẹ̀ Bùnú, ó ní àlejò kan ń bọ̀ lọ́la, kí wọ́n má jẹ́ kó rìn lóun nìkan. Kò mọ̀ mí rí ṣáájú ọ̀sán yẹn.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá. Ilẹ̀ Bùnú

Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Wọ́n bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, wọn ò fẹ́ kí èrò rọ́ lọ síbi tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Ọlọ́kadà gba ₦7,000 lọ àti bọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ sí odò kékeré kan, òjò alẹ́ ti gbé pákó afárá lọ. A wọ inú omi, ó dé orókùn, ẹ́ńjìnnì mumi, ó sì kú. Àwọn ọmọkùnrin kan tó ń ti oko iṣu bọ̀ sọ ẹrù wọn kalẹ̀ láìjẹ́ pé a pè wọ́n. Wọ́n bá wa ti ọ̀kadà náà gun òkè, wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n tún un dè. Mo na owó sí wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. "Òkun o," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbẹ̀, wọ́n sì gbé ẹrù wọn.

Adẹ́mu ni ẹ̀gbọ́n ìyá olóúnjẹ. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń rìn lórí ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kí a tó wọlé, ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo bi í bóyá nítorí ẹrẹ̀ ni tàbí nítorí ọ̀wọ̀. Ó ní méjèèjì ni.

Inú ibẹ̀ tutù, ó ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù, imọ̀ rẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Ẹ̀yà kan nínú ẹbí igi yìí ló ni ewé tó gùn jù lọ láyé, ó lè tó mítà 25. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọ̀kan. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ti yọ orí sókè láti inú ẹrẹ̀, wọ́n dúró ṣánṣán yí igi ká, orí wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èémí ni wọ́n jáde wá gbà, nítorí afẹ́fẹ́ ò sí nínú ẹrẹ̀ tí omi ti kún. Àbùrà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe é lọ́nà tirẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ á yọ jáde, á tẹ̀ kọ́lọ́kọ̀lọ̀, á tún wọlẹ̀ padà. Bí mo ṣe fi ọ̀pá gún ilẹ̀, omi hó yọ, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ sì jáde. Ewé tó bá já bọ́ síbẹ̀ kì í jẹrà tán, ṣe ló ń lé ara wọn lórí, ó ń dúdú sí i lọ́dọọdún. Ní àárín gbùngbùn Kóńgò, àwọn onímọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017 pé irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ tó wà lábẹ́ igbó àbàtà ibẹ̀ fẹ̀ tó 145,500 kìlómítà níbùú lóòró, ó sì kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù pamọ́. Bí wọ́n bá fa omi rẹ̀ gbẹ, gbogbo èyí á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sójú ọ̀run. Ti Bùnú yìí kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Bàbá gun ọ̀gọ̀rọ̀ kan, ó sọ kèrègbè kalẹ̀ fún mi. Ó gbóná díẹ̀, ó dùn, kò tíì kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ ni igi yìí ń yọ òdòdó, bó bá so tán, ó kú nìyẹn. Ìgbà tí òdòdó yẹn bá fẹ́ yọ ni adẹ́mu ń dá a lórí, torí náà ẹmu tí a ń mu ni èso tí kò ní so mọ́. Bàbá ní bí òun bá dá mẹ́ta, òun a fi ìkẹrin sílẹ̀ kó so. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan ń dá gbogbo rẹ̀ pátá, pé ó ti ń hàn lápá ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a dé ibi tí aṣọ funfun wà lára igi kan. Ní Bùnú, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bọlá fún ẹbọra inú omi, aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń sọ orúkọ ilẹ̀ náà káàkiri sì wà fún ìsìnkú ẹni ńlá àti fún eégún. Bàbá ka èèwọ̀ ibẹ̀ fún mi. Ìkòkò tí iná ti pa lẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ kan omi náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gún èso ọ̀gọ̀rọ̀ dà sínú rẹ̀ láti fi pa ẹja, nítorí ó máa ń kun ẹja lóorun, tàgbà tọmọ ni yóò sì léfòó. Wọn ò gbọ́dọ̀ dáko kọjá igi aláṣọ funfun yẹn. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: omi mímọ́, ẹja tó ń rí àyè bí, orísun odò tí ẹnikẹ́ni ò fi ọkọ́ kàn. Mi ò rí òfin ìjọba kankan ní gbogbo ọ̀nà tí mo gbà tó ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn.

Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé àbàtà ni gbogbo ayé níbẹ̀rẹ̀. Mo ní mo gbọ́ ọ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn wí: omi àti irà ni ìsàlẹ̀ ọ̀run, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀, títí Olódùmarè fi rán òrìṣà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Adìẹ tan erùpẹ̀ náà ká, ọ̀gà sì wá wò ó bóyá ó ti le tó. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn lọ́jọ́ òní ni pé ìtàn náà ò sọ pé irà tán. Ibi tí adìẹ ò tan erùpẹ̀ dé ṣì wà. Ibẹ̀ ni egbére ń gbé, tó ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábẹ́ apá. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìgbàanì sọ pé àwọn àbíkú ti ń ṣeré. Imọ̀ àti okùn ọ̀gọ̀rọ̀ náà ni ìtàn Mọ́remí fi wọ àwọn tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rù, tí wọ́n rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, títí obìnrin náà fi mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú rẹ̀ àti pé iná lè ràn án.

Nígbà tí a jáde, eṣúṣú kan ti lẹ̀ mọ́ mi lókè ọrùn ẹsẹ̀, ó ti yó, ó sì ń dán. Ìyàwó bàbá bu iyọ̀ lé e, ó ká jọ, ó sì jábọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò tètè dá, torí pé itọ́ eṣúṣú ní ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìyá náà fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, ó fi aṣọ dì í, ó sì gbé iṣu sísun àti epo pupa fún mi. Ẹ mú iyọ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá bí ẹ bá ń wọ àbàtà. Ẹ má sì wọ ọ́ láìsí ọmọ ilẹ̀ níwájú yín.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá. Ìjùmú dé Mọ̀pà

Òjò láti àárọ̀. Ọkọ̀ gba Ìyàrà àti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ kọjá, a ò dúró. Àwọn ṣọ́jà ní ibi àyẹ̀wò béèrè ibi tí mo ń lọ, wọ́n sì gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ má ṣú bá mi lọ́nà. Ẹ gbà á gbọ́. Àwọn ajínigbé ti da ọ̀nà yìí láàmú, kò sì sí dẹ́rẹ́bà gidi tó fẹ́ wà níbẹ̀ lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín ₦300 ní Mọ̀pà, mo sá aṣọ tó tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá. Ìsánlú

Odò Ọ̀yì ń lọ sí àríwá láti ilẹ̀ Yàgbà títí yóò fi bá Odò Ọya. Àwọn irà tó wà lẹ́bàá rẹ̀ àti lẹ́bàá àwọn odò kéékèèké tó ń bọ́ sínú rẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń ṣe àkùrọ̀. Bí òjò bá dá, tí oko òkè gbẹ, ilẹ̀ yìí ṣì tutù. Ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀, ewédú àti tòmátò tí a ń jẹ ní Oṣù Kejì ti ń wá. Wọ́n ti ń ṣán koríko nígbà tí mo dé, wọ́n ń kọ ebè tó ga kí omi má baà rin gbòǹgbò pa.

Ní apá kan, ẹnìkan ti da ilẹ̀ pupa ọkọ̀ típà mélòó kan sínú irà, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo rìn lọ sí ẹ̀yìn ibẹ̀. Ilé mẹ́rin ló ní kànga níbẹ̀, gbogbo wọn ló sọ ọ̀rọ̀ kan náà: tẹ́lẹ̀, omi kànga wọn ń dúró títí òjò àkọ́rọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n da ilẹ̀ yẹn, inú Oṣù Kìíní ló ti gbẹ. Irà ń mu omi òjò bíi kànrìnkàn, ó sì ń jò ó díẹ̀díẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ kànga. Bí ẹ bá fi ilẹ̀ líle bò ó, omi òjò á sáré gba ojú títì lọ, á wó ògiri ẹlòmíràn, kànga á sì ṣófo. Ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú àwọn olóyè. Mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì sọ ohun tí mo rí, nígbà tí wọ́n fún mi láyè. Ẹni tó ni ilẹ̀ ní òun náà ní ọmọ láti bọ́, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní kó dá ọwọ́ dúró títí wọ́n á fi wá ibòmíràn fún un lójú títì. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i.

Gbogbo ohun tó ń ti inú àbàtà jáde kọ́ ló dára. Ìyá àgbà kan ní agbo ilé náà fi àpá sòbìà hàn mí, láti kókósẹ̀ dé agbede ojúgun. Omi adágún tí wọn ò sẹ́ ló fi mú un nígbà èwe rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni òun fi dùbúlẹ̀ kó tó jáde tán, wọ́n ń wé e mọ́ igi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí sòbìà mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Asẹ́ aṣọ, ẹ̀kọ́ àti omi tó mọ́ ló lé e lọ. Kò sẹ́ni tó ní láti dí àbàtà pa kí ó tó lọ.

Bí mo ṣe ń dìde, ìyá náà gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, mo máa lékè gbogbo ohun tí mo bá dáwọ́ lé. Mo ti ń ṣe àmín sí àdúrà yìí láti kékeré. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí méjèèjì lórí omi kan náà: ojú oró ń léfòó kiri pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó so rọ̀, òṣíbàtà sì fi ìdí múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ó na ọrùn títí ó fi dé òkè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá. Èjìbà àti Ẹ̀gbẹ̀

Èjìbà ni ìlú ìrẹsì. Omi ìdídò Kampe ni wọ́n ń darí sínú oko, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbin tiwọn sínú irà láìsí kánàlì kankan náà pọ̀. Ìrẹsì ti pọ́n, àwọn ọmọdé sì wà lórí àga gíga tí wọ́n fi igi kàn, wọ́n ń fi kànnàkànnà lé ẹ̀ga. Irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbìn, ó tètè ń gbó. Bàbá kan ṣì ní ìwọ̀nba irú ti àtijọ́ níkangun oko rẹ̀, èyí tí èèpo rẹ̀ pọ́n, tó máa ń gbọn dànù bí wọn ò bá tètè kórè rẹ̀.

Irà Odò Ọya náà ni ìrẹsì ìbílẹ̀ Áfíríkà ti wá, lókè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Màlì, níbi tí àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ó lè fara da koríko, àrùn àti ọ̀dá. Ní àwọn ọdún 1990, Monty Jones, ọmọ Sàró, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú un bá ti Éṣíà lò pọ̀, wọ́n rí irúgbìn tí wọ́n ń pè ní NERICA. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 2004 nítorí iṣẹ́ náà. Mo bẹ bàbá náà kó má jẹ́ kí irú rẹ̀ parun. Ó ní ìyàwó òun ò ní gbà, torí òun ló dùn jù fún tùwó.

Ọ̀sán ni mo wọ Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí Tommy Titcombe, míṣọ́nárì láti Kánádà, dé ní 1908. Ìgbàgbọ́ ti rinlẹ̀ níbí, ọ̀pọ̀ èèwọ̀ omi sì ti lọ. Mo bá alàgbà ìjọ kan sọ̀rọ̀ nípa igi aláṣọ funfun tí mo rí ní Bùnú. Kò bínú. Ó ní àwọn ò lè bọ ẹbọra mọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dá odò ló dá àbàtà rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ nínú ìjọ. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ ní 2 Oṣù Kejì, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń rántí ilẹ̀ olómi, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ìlú Ramsar ní Ìráànì ní 1971. Nàìjíríà ní ibi 11 lórí ìwé àdéhùn yẹn. Kò sí èyíkéyìí ní Kogí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà yìí: ìparí Oṣù Kẹwàá dára, omi ṣì wà, ìrẹsì ti pọ́n. Nínú Oṣù Kẹsàn-án, ọ̀kadà ò ní lè wọ ilẹ̀ Bùnú. Ẹ kó owó bébà dání, nẹ́tíwọ̀kì POS kì í dúró. Ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀ kí ẹ tó wọ irà ẹnikẹ́ni, orógbó tàbí obì díẹ̀ tó. Mùdù ìrẹsì Èjìbà tí wọ́n ti ṣa òkúta rẹ̀ jẹ́ ₦2,200 lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ènì lé e. Ọkọ̀ Ìlọrin máa ń kún kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ẹ tètè dé gáréèjì, kí ẹ sì jókòó sápá òsì: ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àbàtà dáadáa bí ọkọ̀ bá ti kúrò nílùú.